Ta ló wà níbẹ̀ tó ń ka ọdún? Egungun inú àpáta ẹsẹ̀ Òkè Himalaya

Ìyá Tọ́mi (Àbámẹ́ta, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ ló fi ìbéèrè sé mi mọ́lé lónìí. Tọ́mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń ka ìwé kan nípa àwọn òkè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Siwalik, tó tò lẹ́sẹ̀ Òkè Himalaya láti Pakísítánì gba Íńdíà dé Nẹ̀páàlì. Ìwé náà ní inú àpáta ibẹ̀ kún fún egungun ẹranko: erin oríṣiríṣi, ìjàpá tí karahun rẹ̀ gùn tó àgbàlagbà ọkùnrin, ìbátan àgùnfọn kan tí ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti ìnàkí kan tó ń jẹ́ Sivapithecus. Wọ́n ní ìnàkí yìí gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ọdún sẹ́yìn títí di mílíọ̀nù 8.5. Ọmọ gbé ìwé kalẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ló wà níbẹ̀ tó ń ka ọdún?" Mo ní àwọn onímọ̀ ni. Ó ní, "Àwọn onímọ̀ náà ò kúkú sí níbẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn kó tó di àárọ̀.

Lánre Ìjẹ̀ṣà (9:20 alẹ́)

Kábọ́ọ̀nù ni, mà. Wọ́n á gé díẹ̀ lára egungun náà, wọ́n á kì í bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á pe ọdún rẹ̀. Ó tán.

Bàbá Àpáta (9:47 alẹ́)

Kò tán o, àbúrò. Àṣìṣe tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kábọ́ọ̀nù 14 máa ń dín kù ní ìdajì láàrin ọdún 5,730. Ìdajì á tún di ìdajì, títí tí kò fi ní sí ohun tí ẹ̀rọ lè kà mọ́. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, òfìfo ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dára fún ohun àná. Ẹ wo Ihò Eléérú, ní Ìsàrun lọ́dọ̀ wa ní Òndó. Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ wú òkú ènìyàn kan níbẹ̀ ní 1965, kábọ́ọ̀nù sì ní ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí: èédú tó wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú òkú náà ni wọ́n wọ̀n nígbà náà, kì í ṣe egungun gan-an.

Egungun Siwalik ti di òkúta pátá. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọdún lára egungun yẹn. Erùpẹ̀ tó sùn sí ni wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Túnjí Kànga (10:03 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú sà. Kànga ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Mo ti gbẹ́ iyanrìn jáde láti ìjìn 60 mítà, láti 100 mítà. Iyanrìn wo ló ní ọjọ́ orí? Ara àpáta ibòmíràn ló ti ré, odò ló gbé e wá. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n iyanrìn, ọjọ́ orí àpáta ìyá rẹ̀ lẹ ó gbà, ẹ ò ní gba ọjọ́ tó dé ibi tí mo ti bá a.

Bàbá Àpáta (10:31 alẹ́)

Túnjí, o ṣeun. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo fọwọ́ bà yẹn. Jẹ́ kí n sọ bí Siwalik ṣe dé ibẹ̀ ná.

Ilẹ̀ Íńdíà rìn láti gúúsù wá forí sọ ilẹ̀ Éṣíà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, kò sì tíì dáwọ́ títì í dúró títí dòní. Ohun tó gbé Himalaya sókè nìyẹn. Bí òkè ṣe ń ga ni òjò ń bù ú jẹ, tí odò ń kó òkúta, iyanrìn àti ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Òkè náà wúwo débi pé ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé, nítorí náà ibi ìkẹ́rùsí kì í kún. Láàrin nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ọdún, àwọn ìpele yẹn ti ga ju 5,000 mítà lọ níbòmíràn. Ẹranko tó bá kú létí odò, ẹrẹ̀ á bò ó. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ tún ká àwọn ìpele náà sókè, wọ́n fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, odò sì gé wọn ní àgékọjá. Ẹni tó bá ń rìn lẹ́bàá odò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Potwar ní Pakísítánì, láti ìpele dé ìpele ló ń rìn, bí ìgbà téèyàn ń ṣí ìwé.

Ní ti iyanrìn: gààrí tí wọ́n yan léṣìí, tí a tẹ̀ ní ẹ̀bà lálẹ́ yìí. Ẹ̀bà tòní ni, gààrí tèṣí ni. Nínú iyanrìn Siwalik, ẹyọ kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní zircon, yùréníọ̀mù inú rẹ̀ ń di òjé díẹ̀díẹ̀, a sì lè ka ọjọ́ orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ orí gààrí la ń gbà níbẹ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo tó ní ni pé ẹ̀bà ò lè dàgbà ju gààrí lọ: ẹyọ tó kéré jù lọ́jọ́ orí ń sọ fún wa pé ìpele náà kò lè ju báyìí lọ.

Ohun tí a ń wá ni ohun tí a bí lọ́jọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Èyí ni eérú òkè oníná.

Ìyá Tọ́mi (10:38 alẹ́)

Eérú! Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀, ọmọ ti sùn, ṣùgbọ́n èmi gan-an ò lè sùn mọ́.

Bàbá Àpáta (10:55 alẹ́)

Nígbà tí òkúta bá ń hó nínú òkè oníná, ẹ̀fúùfù tó ń jẹ́ ágọ́ọ̀nù máa ń sá jáde kúrò nínú rẹ̀. Tí òkè bá bú, tí òkúta yẹn tutù di ẹyọ kéékèèké nínú eérú, ilẹ̀kùn tì. Pọtásíọ̀mù 40 tó wà nínú rẹ̀ á máa dín kù ní ìdajì láàrin bílíọ̀nù 1.25 ọdún, apá kan rẹ̀ á sì máa di ágọ́ọ̀nù. Ó falẹ̀ gan-an, ìdí tó fi wúlò fún ohun àtijọ́ nìyẹn. Atẹ́gùn gbé eérú, ó bọ́ sílẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan, ẹrẹ̀ bò ó. Ọjọ́ orí eérú àti ti ìpele ibi tó bọ́ sí, ìbejì ni wọ́n. Egungun tó wà lókè eérú kéré sí i lọ́jọ́ orí, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dàgbà jù ú.

Ìṣòro Siwalik ni pé eérú ibẹ̀ kò pọ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni Ọlọ́run ti pín eérú dé gbogbo ilé. Lẹ́sẹ̀ Himalaya, ẹ lè rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà láìrí ẹyọ kan. Àṣàkẹ́, ṣé o wà níbí? Apá tìrẹ ló kù.

Àṣàkẹ́ L. (11:40 alẹ́)

Mo wà ńbí, sà, ilé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

Mágnẹ́ẹ̀tì ni. Mo ṣe iṣẹ́ yìí ní lábù fún ọdún mẹ́ta, ojú mi rí i. Kọ́ńpáàsì ọwọ́ yín ń tọ́ka sí àríwá lónìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bernard Brunhes, ará Faransé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1906 pé òkúta kan wà tí mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kọjú sódì. Matuyama ará Jàpáánù tún fi hàn ní 1929 pé sáà ni èyí ń bá rìn. Ayé máa ń yí mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, àríwá á di gúúsù. Èyí tó yí kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún.

Ẹrẹ̀ tó ń rọra sùn sí ìsàlẹ̀ omi ní irin wínníwínní nínú. Bí irin yẹn ṣe ń balẹ̀, ó ń kọjú síbi tí mágnẹ́ẹ̀tì ayé kọjú sí lọ́jọ́ náà. Tó bá gan, ó gan bẹ́ẹ̀. Àwa á lọ gé ẹrẹ̀ líle yẹn láti ìpele kan dé òmíràn, ó kéré tán mẹ́ta níbì kọ̀ọ̀kan, a ó fi kọ́ńpáàsì kọ ojú tó kọ sára rẹ̀ ká tó yọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Ní lábù, a ó yan án nínú iná díẹ̀díẹ̀, torí mágnẹ́ẹ̀tì òde òní máa ń lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ bí eruku. Èyí tó lẹ̀ kò lágbára, iná tètè ń lé e lọ. Èyí tó kù ni ẹ̀rí.

Tẹ́ ẹ bá wá to gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ ó rí i pé ó lọ bí ìlà ara aṣọ òfì, ká ní dúdú ni ìgbà tó kọjú sí àríwá, funfun ni ìgbà tó kọjú sódì: dúdú fífẹ̀, funfun tín-ín-rín, dúdú tín-ín-rín, funfun fífẹ̀. Ìlà yìí kan náà ló wà nísàlẹ̀ òkun àti nínú àwọn òkúta òkè oníná tí a ti mọ ọdún wọn. A ó fi tiwa ṣe wẹ́kú tiwọn. Neil Opdyke, Noye Johnson, Lisa Tauxe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe iṣẹ́ yìí ní Potwar láàrin ọdún 1970 sí 1990.

Lánre Ìjẹ̀ṣà (11:52 alẹ́)

Àǹtí, ìlà òfì pọ̀ tó jọra. Bí wọ́n bá gé àjákù kan fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara apá ni, kì í ṣe ara ẹsẹ̀ ṣòkòtò?

Àṣàkẹ́ L. (Àìkú, 12:04 òru)

Háà, o káre! Àjákù kúkúrú ò wúlò, ó gbọ́dọ̀ gùn. Ó sì gbọ́dọ̀ ní èèkàn tí a so ó mọ́. Eérú mélòó kan tí Bàbá ní kò pọ̀ yẹn, iṣẹ́ èèkàn ni wọ́n ń ṣe. Tí èèkàn bá ti dúró, tí ìlà sì ti wà níbàámu, ìṣirò ló kù. Ká ní mítà 300 ló wà láàrin ìyípadà méjì tí mílíọ̀nù ọdún kan pín níyà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́gbẹ̀rún ọdún. Egungun tó wà ní mítà 150 gba ìdajì. Àpẹẹrẹ lásán ni mo mú o, odò kì í kó ẹrẹ̀ wá ní déédéé bíi ti olówó oṣù.

Ajíhìnrere (Àìkú, 2:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ìsinmi. Mo ti kà gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni tèmi. Èkíní, àwọn onímọ̀ yín ń fi egungun mọ ọjọ́ orí òkúta, wọ́n tún ń fi òkúta mọ ọjọ́ orí egungun. Ẹ ń yí gbirigbiri lójú kan. Èkejì, orí Everest gan-an ní ẹran inú òkun nínú òkúta. Omi wo ló gun ibẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Nóà?

Lánre Ìjẹ̀ṣà (2:19 ọ̀sán)

Wọ́n ti dé. Èyí tí kò ka ìwé kọjá…

Alábòójútó (2:30 ọ̀sán)

Lánre, mo ti gé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ. Ìbéèrè ni Ajíhìnrere béèrè, ìdáhùn la ń fẹ́.

Bàbá Àpáta (4:10 ọ̀sán)

Ajíhìnrere, ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ní ìtàn lẹ́yìn, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó kọ́kọ́ kó egungun ibẹ̀ jọ, Hugh Falconer àti Proby Cautley ní 1830 sókè, kò ní ọ̀nà kankan láti sọ iye ọdún. Cautley, iṣẹ́ gbígbẹ́ ipa omi ló gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Guy Pilgrim dé, láàrin 1910 sí 1920, ó fi egungun pín àwọn ìpele náà sí ọ̀wọ́, ó sì sọ wọ́n ní orúkọ abúlé: Chinji, Nagri, Dhok Pathan. Ohun tó lè sọ ni pé èyí ṣáájú èyí. Bó bá ti di iye ọdún, àfiwé pẹ̀lú egungun Yúróòpù ni wọ́n gbójú lé.

Mágnẹ́ẹ̀tì àti eérú kò mọ egungun rí. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ágọ́ọ̀nù kò bìkítà bóyá erin ló wà nítòsí tàbí ewúrẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé ni òbìrìkìtì yẹn já. Àpẹẹrẹ kan: ẹṣin ọlọ́mọ-ìka-mẹ́ta tó ń jẹ́ Hipparion, Àríwá Amẹ́ríkà ló ti rìn wá. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní "ìgbà báyìí nìyí." Mágnẹ́ẹ̀tì Potwar ló wá fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.8 ọdún sẹ́yìn ló wọ ibẹ̀. Ẹṣin ò sọ ọjọ́ dídé ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló jẹ́rìí sí i.

Ti Everest, òótọ́ lẹ sọ, ẹran inú òkun wà lókè níbẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 440 ọdún. Kì í ṣe omi ló gun òkè, ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ká sókè. Ní Siwalik ẹ̀wẹ̀, omi tó kún lẹ́ẹ̀kan á já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a ń bá níbẹ̀ ni ilẹ̀ oko àtijọ́, tí gbòǹgbò igi ti wọ̀ tí kòkòrò ti lu, òmíràn tún wà lórí rẹ̀, òmíràn lórí ìyẹn, léraléra. Igi ò lè ta gbòǹgbò láàrin omi tó ń ru. Mo jẹ́ ọmọ ìjọ o, mo ń lọ sí ìsìn alẹ́ bí mo bá kọ èyí tán.

Fúnmi Àgbẹ̀ (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ilẹ̀ oko tí Bàbá dárúkọ. Nínú ilẹ̀ àtijọ́ yẹn, ẹfun kóńkókóńkó wà tí ó pa ìrántí ewéko tó hù lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Quade, Cerling àti Bowman, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989: ní nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ọdún sẹ́yìn, ewéko Potwar yí padà sí irú koríko tó ń jẹun bí àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké. Igbó ń di ọ̀dàn. Sivapithecus tó fẹ́ràn igi ti lọ ṣáájú ìgbà náà. Láìsí mágnẹ́ẹ̀tì, a ò bá mọ iye ọdún tó wà láàrin méjèèjì.

Túnjí Kànga (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ n béèrè ti oníṣẹ́ ọwọ́. Tí mo bá ń gbẹ́ kànga, iyanrìn òkè máa ń já bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá á ní 80 mítà ni, irọ́ ni, láti 20 ló ti já. Egungun yín ńkọ́? Òjò ò lè wọ́ ọ kúrò ní ilé rẹ̀?

Bàbá Àpáta (9:15 alẹ́)

Ó ń wọ́ ọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú egungun Siwalik, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á lẹ́yìn òjò. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kàn mú un sápò. Á wo erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀, bí iyanrìn rẹ̀ ṣe rí. Á wá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ sókè, títí á fi bá ìpele tó jọ ọ́. Egungun tí kò bá rí ilé, a lè fi kọ́ ọmọ, a kì í fi sínú ìṣirò.

Ní 1935, von Koenigswald, onímọ̀ egungun àtijọ́, ra eyín ìnàkí ńlá kan ní ìsọ̀ oníṣègùn ní Hong Kong. Ẹ̀yin náà ẹ ronú àtẹ lẹ́kùlẹ́jà wa. Eyín yẹn ló fi sọ Gigantopithecus lórúkọ. Ó mọ̀ pé ìnàkí ni, ó mọ̀ pé ó tóbi, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bi léèrè pé inú ìpele wo ni wọ́n ti hú u?

Àṣàkẹ́ L. (10:20 alẹ́)

Kí a tó sùn, ìtàn Ramapithecus ò gbọ́dọ̀ kù sílẹ̀, torí ó kan ìbéèrè Tọ́mi gan-an.

Ní 1932, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Yale kan ní Amẹ́ríkà, G. Edward Lewis, rí àjákù àgbọ̀n òkè nítòsí Haritalyangar ní Íńdíà. Ó pè é ní Ramapithecus. Nígbà tó di ọdún 1960 sókè, àwọn onímọ̀ egungun méjì, Elwyn Simons àti David Pilbeam, ní bàbá ńlá ènìyàn nìyí. Ó wọ ìwé ilé-ìwé. Àjákù àgbọ̀n méjì tí wọ́n fi ọwọ́ so pọ̀ ni wọ́n fi ya odindi ẹnu. Ní 1967, Vincent Sarich àti Allan Wilson wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ìnàkí tó wà láyé lónìí, wọ́n ní nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ọdún péré ni a fi pínyà. Àwọn eléegun fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ ní bàbá tó ju mílíọ̀nù 8 ọdún lọ bí a kò tíì pínyà?

Pilbeam fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ènìyàn lọ sí Potwar láti 1973. Wọ́n rí ojú Sivapithecus kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1982. Ojú náà jọ ti orangutan, ìnàkí gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ramapithecus kò ní orúkọ tirẹ̀ mọ́, ara Sivapithecus ni wọ́n kà á mọ́. Pilbeam tú ọ̀rọ̀ tó fi di gbajúmọ̀ ká lójú gbogbo ayé. Ẹ wò ó, ọjọ́ orí àwọn àpáta yẹn ò yẹ̀. Ohun tí wọ́n ní egungun náà jẹ́ ló yẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni "nígbà wo?", ọ̀tọ̀ ni "ta ni?"

Ajíhìnrere (10:41 alẹ́)

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ká yẹn, mo gba tirẹ̀. Ìyókù, màá tún kà á lọ́la. Ó dàárọ̀.

Ìyá Tọ́mi (Ajé, 7:30 àárọ̀)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un nínú bọ́ọ̀sì. Eérú yé e, ẹ̀bà pa á lẹ́rìn-ín. Ìlà òfì ló tún fi dè mí: "Mọ́mì, bí odò bá gbá ìlà kan lọ ńkọ́, ta ló máa mọ̀?" Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Àṣàkẹ́ L. (8:05 àárọ̀)

Ẹ bá mi fún un ní ẹ̀bùn kan. Odò ń gbá ìlà lọ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gé ibì kan ṣoṣo. A ó gé àfonífojì yìí, a ó gé èkejì, a ó tún gé ti ìlú kejì. Ìpele iyanrìn líle kan máa ń wà tó ṣeé tọ̀ láti ibìkan dé ìkejì ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹsẹ̀ ni a fi ń tọ̀ ọ́. Odò kan ò lè gbá ìlà kan náà lọ ní gbogbo ibẹ̀. Ibi tí ó bá ti sọnù, aládùúgbò á ti ní in.

Túnjí Kànga (8:44 àárọ̀)

Bàbá, mo wà lójú iṣẹ́ báyìí. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá gbẹ́ jáde, òkìtì kan là ń kó o sí. Láàárọ̀ yìí mo ti ra àpò ọ̀rá ogójì, mo ní kí àwọn ọmọ máa bu ẹ̀kúnwọ́ kan ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n kọ ìjìn rẹ̀ sára àpò. Wọ́n ní ṣé orí mi pé. A ti dé mítà 21, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní iyanrìn pupa bọ́ sí amọ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀ ọ̀sà. Kí nìyẹn?